Ṣásì píkọ́ọ̀pù mi ti dípẹtà dé inú: ṣé kí n jó irin mọ́ ọn ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ọmọ_Epetedo · Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti gba oorun lójú mi.

Toyota Tacoma ni mo ní. Ó pé ọdún mẹ́rin báyìí tí mo rà á ní tòkunbọ̀. Ẹja yìnyín ni mo fi ń kó. Mo ń gbé e ní àwọn ilé yìnyín Ìjọra Ọlọ́pà, mo ń gba orí Afárá Èkó wọ Erékùṣù, mo sì ń já a fún àwọn ìyá tó ń tà á ní ọjà Sandgrouse àti Òkè-Arin. Ogójì páálí ni mo máa ń dì sí i lẹ́yìn lójúmọ́, Sunday nìkan ni mo fi ń sinmi.

Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo ti ń gbọ́ "gbàù" lẹ́yìn nígbàkígbà tí táyà bá gun ibi tí wọ́n ti so afárá pọ̀. Mo rò pé ṣọ́kàbísọ́bà ni. Mẹkáníìkì mi yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó dákẹ́, ó wá ní kí èmi náà wá wò ó. Ó ti súkúrù-díráfà bọ ara ṣásì, irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, lápá òsì, níbi tí sípíríìnì ẹ̀yìn kọ́ sí. Ó wọlé dé ìdí. Ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo igi. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó fúyẹ́, ìka méjì ni mo fi rún un.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Wẹ́dà kan nítòsí Ìdúmọ̀tà ní kí n mú ₦180,000 wá, òun á lẹ irin mọ́ ọn, òun á fi fílà (àtè líle tí wọ́n fi ń dí ojú ihò) dí i, òun á kun ún, kò ní hàn. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra odindi ṣásì ní Ládípọ̀. Ẹni tí a pè béèrè ₦1,600,000, owó iṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí n tà á fún àwọn onírin ní Owódé, kí n gba kámú. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò ní nǹkan kan o, jíà rẹ̀ ń wọlé geere. Òun ló ń bọ́ ilé mi. Kí ni kí n ṣe?

Rìwáyà_Òṣòdì · 9:31 àárọ̀

Ọkọ̀ wo ni kò dípẹtà l'Ékòó? Jó o, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Ajórin_Mushin · 10:05 àárọ̀

Rìwáyà, má bínú sí mi, ìmọ̀ràn yẹn lè pa èèyàn.

Àbúrò mi ní Epetedo, pẹ̀lẹ́. Láti ọdún 1998 tí mo ti ṣe fíríìdọ̀mù ni mo ti ń jó irin ní Mushin níbí. Má jẹ́ kí ẹni ₦180,000 yẹn fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ. Ẹni tó ní "kò ní hàn" ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ: ojú rẹ ló fẹ́ bò. Fílà kì í gbé ẹrù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tìrẹ yìí, omi ẹja ló máa wó o.

Kí o tó mọ̀ bóyá jíjó ni tàbí pípààrọ̀, o gbọ́dọ̀ mọ irú ìpẹtà tó jẹ́ àti ibi tó wà. Èyí tó wà lójú irin, tó pọ́n bí osùn, tí o bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á tí irin dídán yọ lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò ní kó ọ láyà sókè. Èyí tó ń wú, tó ń ṣí ní ìpele ìpele, òun ni kí o bẹ̀rù. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Bó ṣe ń wú ló ń la ara rẹ̀, omi á kó sí àárín, kò sì ní í tètè gbẹ mọ́, á máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fi òkúta dí táyà. Má fi jáàkì gbé e kí o wọ abẹ́ rẹ̀ o, mo bẹ̀ ọ́, irin tó ti rà lè ya níbi tí jáàkì ti tì í. Mú òòlù kékeré. Bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, máa kan ṣásì bọ̀ lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ kan sí àtẹ́lẹwọ́ kan. Irin tó yè á dá ọ lóhùn, á dún "kọ̀ọ̀n", òòlù á sì ta padà lọ́wọ́ rẹ. Irin tó ti kú á dún "pọ̀", bí ẹni kan páálí. Fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tó bá dún "pọ̀". Má fo ìsàlẹ̀ rẹ̀ o, ibẹ̀ ni omi ń dúró sí. Lẹ́yìn náà, wá sọ ibi tí ẹfun wà fún wa. Ihò níbi tí kò gbé nǹkan kì í ṣe ẹgbẹ́ ihò níbi tí sípíríìnì kọ́ sí, tàbí ibi tí apá táyà iwájú ti so mọ́ ṣásì.

Ará_Massachusetts · 12:40 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Ajórin, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo mọ̀ láti ìhín kún un, torí ọkọ̀ yìí ní ìtàn.

Ní ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé àti àwọn tó yí wa ká, bíi New York, New Jersey, Pennsylvania, títí dé Ohio àti Michigan, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn ni táyà ń ta sí abẹ́ ọkọ̀ fún oṣù mẹ́rin márùn-ún lọ́dọọdún. Irin, omi àti atẹ́gùn tó fún ìpẹtà. Tí iyọ̀ bá wọ inú omi, ṣe ni iṣẹ́ náà ń sáré.

Ti Tacoma wá burú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2008, Toyota fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn Tacoma ọdún 1995 sí 2000 padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n níbí bí ìpẹtà bá ti jẹ ṣásì wọn, wọ́n sì ń san iye tí ọkọ̀ náà tó lórí àtẹ àti ìdajì rẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, wọ́n tún gbà láti parí ẹjọ́ lórí Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 sí 2008 àti Sequoia 2005 sí 2008. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ̀rọ̀ náà kàn, owó rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, wọ́n sì ṣírò pípààrọ̀ ṣásì kan sí nǹkan bíi $15,000. Àmọ́ ọdún 12 láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ni wọ́n fi ààlà sí, Amẹ́ríkà níbí nìkan ló sì wà fún. Ọkọ̀ tó ti dé èbúté Tin Can ò lè jàǹfààní rẹ̀.

Àbúrò, wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ka ìkẹwàá rẹ̀, òun ló ń sọ ọdún tí wọ́n kà á sí. Kí o sì wo Carfax, ìwé ìtàn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí o bá lè rówó rẹ̀, á sọ ìpínlẹ̀ tó ti gbé.

Ọmọ_Epetedo · 8:22 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ajórin, mo ti kàn án. Ọwọ́ mi ṣì dúdú báyìí tí mo ń kọ èyí. Ẹfun mọ́kànlá ni. Méje wà lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, gbogbo wọn wà lẹ́yìn kábíìnì. Láti bọ́ńpà iwájú títí dé abẹ́ ìjókòó mi, "kọ̀ọ̀n" ló ń dún. Tí mo bá ti kọjá táńkì epo, ó di "pọ̀".

Ará Massachusetts, ìkẹwàá jẹ́ 7. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé 2009 ni. Àbúrò mi bá mi wo Carfax, Massachusetts tí ẹ wà gan-an ló ti lo ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tí mo rà á, abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Mo rò pé ìtọ́jú ni. Ọ̀dà ni wọ́n fi bo ìpẹtà, mi ò mọ̀.

ÌyáẸlẹ́ja_Sandgrouse · 9:03 alẹ́

Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́ níbí yìí o, ìwọ lò ń já ẹja fún wa. Ọlọ́run á dá ọ lóhùn.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ọkùnrin ò tíì dárúkọ. Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ wa, omi ń jò lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ bí ẹ̀rọ ṣíṣí. Omi yìnyín ẹja ni, iyọ̀ òkun sì wà lára ẹja. Mo ti ta títù àti kótè fún ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀bẹ tí mo bá gbàgbé sínú omi yẹn di alẹ́, á ti pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Odindi ọdún mẹ́rin ni omi yẹn ti ń dà sórí ṣásì rẹ. Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló jẹ ẹ́.

Èkejì: ogójì páálí. Ogún kílò ni páálí kan. Ṣé o ti ṣírò rẹ̀ rí?

Ọkọ̀ tó ń já ẹja fún mi tẹ́lẹ̀, irú tìrẹ ni. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ojúẹlẹ́gba, sípíríìnì ẹ̀yìn yọ kúrò lára ṣásì pẹ̀lú irin tó so ó mọ́. Ọkọ̀ jókòó sórí táyà ara rẹ̀ láàárín títì. Ọmọkùnrin tó jókòó sórí ẹrù já bọ́, itan rẹ̀ kán. Ó ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n kò rìn bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Wọ́n ti jó ibẹ̀ rí, oṣù márùn-ún péré ṣáájú. Jọ̀ọ́, má gbé ẹja kankan fún mi lọ́la. Màá ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì rà.

Mọ́tò_Súrùlérè · 9:20 alẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun. 800 kílò ni ogójì páálí yẹn, ká má tíì ka awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Tacoma irú èyí, bó ṣe wà gan-an, nǹkan bí 500 sí 680 kílò ni wọ́n ní kó gbé, èèyàn inú rẹ̀ ti wà nínú ìyẹn. Ìwé kékeré kan wà lẹ́bàá ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ tó sọ tirẹ̀ ní pàtó. Lọ kà á.

Ajórin_Mushin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ti ronú lórí ẹfun mọ́kànlá yẹn.

Ṣásì Tacoma yìí, irin oníhò tó dé bí àpótí ni lápá iwájú. Lápá ẹ̀yìn, irin tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni. Bí apá iwájú bá yè lóòótọ́, ọ̀nà kan wà láàárín lílẹ̀ àti pípààrọ̀: kí a gé ẹ̀yìn kúrò, kí a so ẹ̀yìn tó dáa mọ́ iwájú rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe apá ẹ̀yìn yẹn tà ní Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ yìí gan-an. Níbí, ẹ̀yìn ṣásì tí wọ́n gé lára òmíràn ni wàá rí.

Bí wẹ́dà ṣe máa ṣe é nìyí, kí o lè mọ̀ bó bá fẹ́ yà kúrò lọ́nà. Kó yọ bátìrì kó tó tan ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Kó sọ táńkì epo kalẹ̀ pátápátá, kí ó má ṣe fi aṣọ tútù bò ó lásán. Kó tú páìpù bíréèkì àti wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó má gé ṣásì dábùú tààrà bí ẹni gé búrẹ́dì. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni kó gé e, kí agbára ẹrù má baà bọ́ sórí ojú ìlà kan ṣoṣo. Kó fi pẹlẹbẹ irin tó nípọn tó ṣásì fúnra rẹ̀ gbè é lẹ́yìn, kí etí pẹlẹbẹ náà ṣe ṣóńṣó, kí ó má rí bíi bíríkì. Kó má jó ìlà kankan dábùú etí ìsàlẹ̀ ṣásì, torí ibẹ̀ ni ẹrù ti ń fà á jù, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ ya. MIG (ẹ̀rọ ìjórin tó ń lo wáyà) ni mo máa ń lò, àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi ẹlẹ́tíróòdù gééjì 12 ṣe é kó dáa.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí dúró lórí ohun kan. Jíjó ò lè lágbára ju irin tó dì mú lọ. Bí irin tí mo fẹ́ so ó mọ́ bá ti tín-ínrín látinú, bó ti wù kí ọwọ́ mi mọ́ tó, etí ibi tí mo jó ló máa ya. Nítorí náà, yọ bọ́dì ẹ̀yìn kúrò kí a rí òkè ṣásì kí o tó ná kọ́bọ̀.

Mọ́tò_Súrùlérè · 7:48 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ṣíṣe àsopọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣeé ṣe. Ti èyí tó ń gbé ẹrù gun afárá lójoojúmọ́, ó dà bí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi irin sí, tí wọ́n tún ní kó máa gbé sìmẹ́ǹtì. Ta ló máa yẹ ojú ìjó náà wò lẹ́yìn ọdún méjì? Kó pààrọ̀ odindi ni.

Ajórin_Mushin · 7:55 àárọ̀

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Mo ti so irú rẹ̀ rí tó ṣì ń rìn, mo sì ti rí èyí tí ẹlòmíì so tó ya. Kó kọ́kọ́ yọ bọ́dì.

Onílọ́rì_Àpápá · 11:16 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ ìwé ni tèmi, ẹ má fojú fò ó. Bí o bá ra odindi ṣásì, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ìwé ọkọ̀ rẹ. Gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, gba àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ya fọ́tò nọ́ńbà náà kí wọ́n tó gbé e. Lọ búra ní kóòtù, kí o mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á fi gíráńdà pa nọ́ńbà náà rẹ́, òun á tẹ tìrẹ sí i, sá fún un. Ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin, ọ̀ràn olè ni wọ́n sì máa fi bi ọ́.

Ọmọ_Epetedo · Ọjọ́bọ̀, 6:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A yọ bọ́dì ẹ̀yìn lónìí. Bóòtù mẹ́fà ló mú un. Mẹ́rin já, a fi iná gáàsì yọ méjì.

Mi ò mọ̀ pé bọ́dì ẹ̀yìn Tacoma yìí kì í ṣe irin rárá ní inú, oríṣi ike líle kan ni. Kì í dípẹtà. Ìdí nìyẹn tó fi ń tàn mí láti ọjọ́ yìí wá: ojú tí mo ń wò lójoojúmọ́ tí mo bá ń to páálí, ó mọ́ tónítóní, ohun tó gbé e dúró ló ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Lápá òsì, lókè ibi tí sípíríìnì kọ́ sí, mo ha ọ̀dà dúdú yẹn kúrò, mo bá irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀, ó tó ìwé àjákọ ọmọléèwé. Wọ́n ti lẹ ẹ́ mọ́ ọn rí kí n tó rà á. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n jó, wọn ò jó ìkẹrin. Mo fi súkúrù-díráfà yẹ̀ ẹ́, ó ṣí bí ideri agolo. Ẹ mọ ohun tó wà nínú ihò náà? Fílà, àti tìmùtìmù àga tí wọ́n rún mọ́ ọn kí fílà lè dúró. Tìmùtìmù náà tutù rinrin. Ó ń rùn bí ẹja. Ọdún mẹ́rin ló ti ń mu omi bọ̀ níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin a máa bá mi jókòó sínú ọkọ̀ yìí tí wọ́n bá gba ìsinmi.

Irin ìdábùú tó gbé táyà àpọ́jù (sípíà) náà ti ya lójú méjì. Apá ọ̀tún sàn díẹ̀.

Rìwáyà_Òṣòdì · 6:52 ìrọ̀lẹ́

Mo kó ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ jẹ. Pẹ̀lẹ́ o, arákùnrin mi. Bí wọ́n bá máa tú wáyà rẹ̀, màá wá ṣe é fún ọ ní ọ̀fẹ́.

Ajórin_Mushin · 7:15 alẹ́

Ibo ni mo fẹ́ so ó mọ́? Ohun tó kù tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Iwájú dún "kọ̀ọ̀n", àmọ́ irin àpótí ni, ó lè dún dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ ti rà. Kámẹ́rà kékeré oníwáyà wà tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, àwọn tó ń ta nǹkan fóònù máa ní in. Tì í bọ inú ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ kábíìnì, kí o ya fídíò. Bí o bá lè dúró di ọ̀la, màá wá fúnra mi.

Ajórin_Mushin · Ọjọ́ Ẹtì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún gbogbo ilé.

A ti kámẹ́rà wọlé lápá òsì lábẹ́ kábíìnì. Inú àpótí náà kún fún ìpẹtà tó ti já bọ́, ó dí ihò tí omi yẹ kó gbà jáde. Mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fà á jáde, ó kún abọ́ kan. Nígbà tí mo tún kan ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn tí mo kó o kúrò, ohùn rẹ̀ yí padà. Ìpẹtà tó kún inú rẹ̀ ló ti ń tàn wá jẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹnu súkúrù-díráfà, ihò tó gùn tó ìka mẹ́ta ṣí.

Ibi tí mo fẹ́ gé, kí n so ẹ̀yìn tuntun mọ́, ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Irin gidi tó máa di jíjó mú kò sí mọ́. Bí mo bá tún lọ síwájú síi, mo ti dé ibi tí apá táyà iwájú so mọ́, mi ò ní í jó ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò, mi ò ní í gba owó rẹ láti jó ṣásì yìí. Bí owó bá wà, pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí, tú ẹ́ńjìnì àti jíà tà, kí o fi kún òmíràn.

Mọ́tò_Súrùlérè · 5:58 ìrọ̀lẹ́

Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹlòmíì á ti gbowó.

Ọmọ_Epetedo · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:11 alẹ́

Èmi àti ìyàwó mi ṣírò rẹ̀ lóru. Tí mo bá tú ọkọ̀ tà, owó rẹ̀ ò ní í gbé mi dé ìdajì tòkunbọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ìyẹn náà. Ẹ́ńjìnì yìí, mo mọ ìwà rẹ̀. Àjọ mi kù oṣù méjì kó kàn mí. Ìyá Sandgrouse bá olórí àjọ sọ̀rọ̀, wọ́n ti fún mi ṣáájú. Ẹ ṣeun, ìyá. Pípààrọ̀ ni.

Ọmọ_Epetedo · Ọjọ́rú, 9:45 alẹ́

A lọ Ládípọ̀ lónìí, ẹ̀gbọ́n Ajórin bá mi lọ. Ṣásì mẹ́ta la wò. Ti àkọ́kọ́ ni ti ₦1,600,000 yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ni, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n yọ òòlù nínú àpò, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta péré, "pọ̀, pọ̀, pọ̀", ó ní ká máa lọ. Ti èkejì dún dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, ìlà kan fi ìka méjì gùn ju ìkejì lọ. Ó ti fara gbá nǹkan rí, ó ti wọ́.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì. Texas ni wọ́n ti kó o wá, ẹni tó ni ín ṣì ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ìpẹtà rẹ̀ kò ju èyí tó pọ́n lójú lọ, lẹ́nu ihò bóòtù. Igun sí igun, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó mílímítà mẹ́ta. Inú rẹ̀ mọ́, kámẹ́rà rìn nínú rẹ̀ já. ₦1,450,000 la ná an sí. Mo gba rìsíìtì, mo ya fọ́tò nọ́ńbà, ọ̀la ni mo ń lọ sí kóòtù.

Onílọ́rì_Àpápá · 9:59 alẹ́

O káre. Fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ajórin_Mushin · Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́

Iṣẹ́ ti ń lọ. Kí n kọ èyí sílẹ̀ fún ẹlòmíì tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí: ìsinsìnyí tí ṣásì ṣì wà níhòòhò ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀. A ha á, a fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn ọjọ́ méjì, a kun ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ àti ọ̀dà òkè. Ti inú rẹ̀, ìda tí wọ́n ṣe fún inú irin la fi rọ́bà gígùn fín wọlé títí ó fi ń jáde ní ihò omi, lẹ́yìn náà a tún la àwọn ihò náà kí wọ́n má dí. Ẹni tí kò bá rí irú ìda yẹn lè fín ọ́ìlì, àní ọ́ìlì tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnì, ó ń lé omi, ṣùgbọ́n kó máa tún un ṣe lọ́dọọdún, kó sì má jẹ́ kó kan bíréèkì àti àwọn rọ́bà. Ọ̀dà dúdú tó nípọn, tó ń fà bí rọ́bà, tí wọ́n ń lẹ̀ sórí ìpẹtà, ẹ yé e lò. Omi tó bá ti wà lábẹ́ rẹ̀ ò ní í jáde mọ́.

Páìpù bíréèkì ẹ̀yìn la rà tuntun, ti tẹ́lẹ̀ ti tín-ínrín bí okùn. Rìwáyà Òṣòdì wá bó ṣe ṣèlérí, ó sì fi sàmì sí gbogbo wáyà kó tó tú u.

Ọmọ_Epetedo · Ọjọ́bọ̀, 7:02 alẹ́

Ọkọ̀ ti jáde. Mo gbé e gun Afárá Èkó lófìfo, mo pa rédíò, mo ṣí fèrèsé. Ó gun ojú àsopọ̀ àkọ́kọ́, mo dákẹ́, mo tẹ́tí. Táyà nìkan ló dún.

Gbogbo owó iṣẹ́, rọ́bà, bóòtù, páìpù àti ọ̀dà jẹ́ ₦720,000 lórí owó ṣásì. Ìwé ọlọ́pàá ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ṣásì àtijọ́, ẹnìkan wá ná an ní gáréèjì, ó ní òun á tún un ṣe. Mi ò tà á fún un. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n fi gíráńdà gé e sí mẹ́rin, mo dúró títí ó fi gé e tán, a sì wọn ọ́n ní kílò fún àwọn onírin Owódé.

Mo ti ní kí wọ́n ṣe àwo ike ńlá kan tó máa tẹ́ sábẹ́ páálí, tó ní ojú ihò kan lẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú rọ́bà tó ń da omi sílẹ̀ kọjá bọ́ńpà. Omi ẹja kankan ò ní í kan irin yẹn mọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, màá fi omi ẹ̀rọ fọ abẹ́ rẹ̀.

ÌyáẸlẹ́ja_Sandgrouse · 7:30 alẹ́

Ọlọ́run ṣeun! Mò ń retí rẹ lọ́la. Páálí mélòó?

Ọmọ_Epetedo · 7:34 alẹ́

Ogún ní agogo mẹ́fà, ogún ní agogo mẹ́sàn-án, ìyá. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará Òkè-Arin pé ẹ̀ẹ̀mejì ni màá máa lọ báyìí.